Bí A Ṣe Ń Lé Afẹ́fẹ́ Kúrò Nínú Bíréèkì Ọkọ̀ Akẹ́rù Tó Ti Gbó, Tí Nípù Rẹ̀ Sì Ti Gan

Ẹ tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ yín rì wọlẹ̀ bí ìgbà téèyàn tẹ tìmùtìmù. Ẹ tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbéra, ó le díẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ó ti padà rọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ti wọnú páìpù yẹn. Ọ́ìlì bíréèkì kì í sún kì béèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ìdí nìyẹn tí agbára ẹsẹ̀ fi ń dé ìdí táyà. Afẹ́fẹ́ ní tirẹ̀ á kọ́kọ́ sún kì ná, agbára tó yẹ kó dá ọkọ̀ dúró á sì parí sára rẹ̀.

Lílé afẹ́fẹ́ yìí fúnra rẹ̀ kò le. Ẹni méjì, ike ọ́ìlì kan, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kò ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Ohun tó máa ń sọ ọ́ di iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lára ọkọ̀ tó ti gbó ni nípù, ìyẹn bóòtù kékeré oníhò tó wà lẹ́yìn táyà kọ̀ọ̀kan, tí a ń tú kí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ jáde. Ó lè ti tó ogún ọdún tí ẹnikẹ́ni ti fi sípánà kàn án kẹ́yìn. Ìpẹtà ti so ó mọ́ ibi tó wà.

Òfin kan ni mo ń tẹ̀ lé: mi ò ní da ọ́ìlì tuntun sínú bíréèkì àtijọ́ kankan, àfi tí gbogbo nípù rẹ̀ bá ti yí. Ojú mi ló rí i kí n tó gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà kan, mo ti ṣe táyà mẹ́ta tán, ọ́ìlì tuntun ń dán nínú agolo, ni mo bá fi sípánà ẹlẹ́nu lílà gbá ìkẹrin mú. Ó dún pẹ́kẹ́, orí rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọkọ̀ náà fi wà lórí ìdúró kí n tó rí sìlíńdà, ìyẹn irin tí nípù wà lára rẹ̀, tó bá a mu. Gbogbo ọ́ìlì tí mo ti dà sí i, mo tún un tú dànù ni.

Kí ẹ tó sún mọ́ nípù

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú bíréèkì tí ọkọ̀ yín ní. Bí ó bá ń dún fìì nígbà tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, tí àgbá afẹ́fẹ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló fi ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ́ là ń sọ níbí. Àwọn kan tiẹ̀ wà tó pa afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì pọ̀. Ìwé ọkọ̀ wọn ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Bíréèkì ọlọ́ìlì nìkan la ń tún ṣe, èyí tó ní agolo ọ́ìlì kékeré lórí máásítà, ìyẹn sìlíńdà ńlá tí pẹ́dà ń tì, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ibi tó tẹ́jú ni kẹ́ ẹ ti ṣe é. Ẹ fi ìdènà há àwọn táyà tí kò ní kúrò nílẹ̀, ẹ fi jáákì gbé ọkọ̀, kí ẹ wá gbé e ka orí irin ìdúró. Ẹ má fi jáákì nìkan sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀: òòlù ni ẹ máa fi lu irin lábẹ́ ibẹ̀, ọkọ̀ náà á sì máa mì.

Ẹ má fẹ́ eruku inú dọ́ọ̀mù (irin róbótó tó bo bíréèkì lẹ́yìn táyà) dànù, yálà pẹ̀lú ẹnu tàbí pẹ̀lú ẹ̀rọ. Asbestos, ohun èlò olóró kan, lè wà nínú ṣúù bíréèkì àtijọ́, ìyẹn ohun tó ń ha inú dọ́ọ̀mù láti dá táyà dúró, ẹ̀dọ̀fóró ló sì ń bá jà. Ẹ fi omi rin ín, kí ẹ fi àkísà nù ún.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í wò. Bí ṣúù bá ti jìnnà sí dọ́ọ̀mù, pẹ́dà á máa rì wọlẹ̀ bí ẹni pé afẹ́fẹ́ wà nínú páìpù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ yí ajọ́sítà rẹ̀ títí ṣúù á fi máa ha dọ́ọ̀mù, kí ẹ dá a padà díẹ̀ kí táyà lè yí fàlàlà. Ẹ wá tún bíréèkì tẹ̀ wò. Mo ti rí ẹni tó fi odindi ọjọ́ kan lé afẹ́fẹ́ tí kò sí níbẹ̀.

Títú nípù tó gan

Ibi méjì ni nípù ti ń gan: ara tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ (ìlà yíyípo ara bóòtù), àti ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ tó jókòó sínú irin láti dí ojú ihò. Rọ́bà kékeré tó yẹ kó bo orí rẹ̀ ti já bọ́ tipẹ́, omi àti ẹrẹ̀ ń gba inú ihò wọlé. Nítorí náà, fífi agbára fà á nìkan kò lè ṣe é. Irin oníhò ni, ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kíkán ló máa kán.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìdí rẹ̀ títí tírẹ́ẹ̀dì á fi hàn, kí ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tú ẹrẹ̀ inú ihò. Ẹ wá kán epo tí wọ́n ṣe fún títú bóòtù tó gan sí ìdí rẹ̀, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Àwọn kan máa ń po acetone (omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò) àti ọ́ìlì jíà ọ̀tómátíìkì pọ̀ ní ìdajì-ìdajì. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ méjèèjì kì í dàpọ̀ pẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ máa mì ín, acetone sì máa ń tètè gbiná. Èyí ó wù kẹ́ ẹ lò, kó má ṣe kan ṣúù tàbí páàdì. Ẹ jẹ́ kí dọ́ọ̀mù wà lórí rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń kán epo.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà tó bá a mu pé. Mílímítà 8, 10 tàbí 11 ni ọ̀pọ̀ nípù ń lò. Àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ lè gba ìdá 5/16 tàbí 3/8 íńṣì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun méjìlá kì í di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, etí igun rẹ̀ nìkan ló ń dì mú, kò sì ní pẹ́ tí á fi sọ ọ́ di róbótó. Sípánà ẹlẹ́nu lílà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ti gbọ́ ohun tó ṣe fún mi.

Kí ẹ tó yí i, ẹ lù ú. Ẹ wá irin kan, bí ìdí bíìtì dìrílì, tó wọ inú ihò nípù náà láìmì, kí ara rẹ̀ má bàa wó sínú. Ẹ fi òòlù kékeré kàn án lórí níwọ̀nba, kó, kó, kó, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, ní ìgbà ogún sí ọgbọ̀n. Ẹ lu irin tó yí i ká náà. Kì í ṣe pé ẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀. Ẹ fẹ́ kí ìpẹtà tó wà láàárín irin méjèèjì fọ́, kí epo lè rí ọ̀nà gbà. Mo gbà pé ibí yìí ni iṣẹ́ náà wà, kì í ṣe ibi yíyí. Ẹni tó bá lù ú dáadáa kì í sábà nílò iná.

Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí i, ẹ kọ́kọ́ fún un le díẹ̀, bí irun orí báyìí, kí ẹ tó tú u. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín máa gbọ́ ohun tó ń sọ. Bí ó bá fò lójijì, tó dún kẹ́, tó sì ṣì ń le bẹ́ẹ̀ láti yí, ó ti gbà nìyẹn. Àmọ́ bí ẹ bá ń yí i tó ń rọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń lọ́ aṣọ tútù, ara rẹ̀ ló ń lọ́ yẹn, tírẹ́ẹ̀dì ò kúrò lójú kan. Ẹ dúró. Ẹ padà sídìí epo àti òòlù, kí ẹ fi di ọ̀la. Èyí tó bá ti gbà, ẹ má yọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ tú u díẹ̀, ẹ dá a padà díẹ̀, ẹ kán epo, ẹ tún tú u.

Iná ńkọ́? Mo máa ń lò ó fún kálípà nìkan, ìyẹn irin tó ń fún páàdì mọ́ díìsìkì bíréèkì, nígbà tí mo bá ti gbà lọ́kàn mi pé màá pààrọ̀ àwọn rọ́bà inú rẹ̀. Mo máa ń tú kálípà náà kúrò lára ọkọ̀, màá sì tú ọ́ìlì inú rẹ̀ dànù, torí ọ́ìlì bíréèkì ń gbiná, èyí tó bá sì há sínú lè hó kó sì ta síni lójú. Irin tó yí nípù ká ni kẹ́ ẹ fi iná sí, kì í ṣe nípù, kí ihò lè fẹ̀ sí i. Kó má pọ́n o, kó ṣáà gbóná. Bó bá gbóná tán, ẹ fi àbẹ́là kan ìdí nípù. Ìda rẹ̀ á yọ́, tírẹ́ẹ̀dì á sì fà á wọlé. Sìlíńdà inú dọ́ọ̀mù kéré jù fún irú èyí, rọ́bà á ti jó kí irin tó gbóná.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ má fi iná kan irin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oògùn ìfọ-bíréèkì fọ̀. Àwọn kan nínú oògùn yẹn ní chlorine, bí iná bá kàn wọ́n, wọ́n máa ń di phosgene, afẹ́fẹ́ olóró tó ń pani.

Bí ó bá kán

Wọ́n lè lu ihò sí i pẹ̀lú bíìtì tó ń yí sí òsì, tí yóò máa tú u bó ṣe ń lu ú. Wọ́n lè jó nọ́ọ̀tì mọ́ orí rẹ̀. Ẹ̀rọ ìfà-bóòtù náà wà, ṣùgbọ́n irin líle ni, bí òun náà bá kán sínú ihò, bíìtì lásán kò ní lè lu ú mọ́. Èmi kì í yọ ara mi lẹ́nu bí sìlíńdà tuntun bá wà lọ́jà. Irin tí nípù rẹ̀ ti gan débi pé ó kán, inú rẹ̀ náà ti dípẹtà. Kìkì ọkọ̀ tí ẹ kò ti lè rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà mọ́ ló tó wàhálà yẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ sìlíńdà, nọ́ọ̀tì páìpù ni ìjà tó kàn. Ẹ wá sípánà tí ẹnu rẹ̀ gbá nọ́ọ̀tì náà yí ká, tó kàn ní àlàfo tí páìpù ń gbà kọjá. Ẹ máa wo páìpù bẹ́ ẹ ṣe ń yí i. Bí páìpù bá ń bá nọ́ọ̀tì yí, ẹ ní páìpù láti rà pẹ̀lú.

Àwọn kan máa ń fi nípù tó kán sílẹ̀, wọ́n á tú nọ́ọ̀tì páìpù láti lé afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú páìpù á jáde lóòótọ́, àmọ́ èyí tó wà lókè sìlíńdà á jókòó síbẹ̀. Ẹ lè fi sún ọkọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn nínú ọgbà, kì í ṣe fún títì.

Lílé afẹ́fẹ́ wàyí

Gbogbo nípù ti yí. Ẹ ka ohun tó wà lórí ìdérí agolo. DOT ni àmì tó ń sọ irú ọ́ìlì bíréèkì tó jẹ́. DOT 3, DOT 4 àti DOT 5.1 lè wà pọ̀. DOT 5 jẹ́ silicone, kò gbọ́dọ̀ dà pọ̀ mọ́ wọn. Ike tó ti wà ní ṣíṣí fún oṣù mélòó kan, ẹ jù ú nù, torí ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. DOT 3 tuntun kò gbọ́dọ̀ hó kó tó dé 205°C ó kéré tán; èyí tó ti fa omi lè hó ní 140°C, ìyẹn lórí òkè gígùn tí ẹrù wà lẹ́yìn ọkọ̀. Kó má kan ọ̀dà ọkọ̀ o, yóò bó o.

Ẹ fa ọ́ìlì dúdú inú agolo jáde, ẹ da tuntun sí i. Ẹ fi pákó kékeré kan sábẹ́ pẹ́dà kó má bàa kanlẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí rọ́bà inú máásítà ti ń rìn ní ibì kan náà, ìpẹtà sì ti hù ní apá ibi tí kì í dé. Bí ẹ bá tì í débẹ̀ lónìí, á ya. Báyìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ba máásítà tó dára jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń lé afẹ́fẹ́.

Ibi táyà ẹ̀yìn tó jìnnà sí máásítà jù lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, àfi tí ìwé ọkọ̀ bá sọ nǹkan mìíràn, kí ẹ máa bọ̀ síwájú. Bí ẹ bá rí irin gbọọrọ kan tó so fáfù mọ́ ásù ẹ̀yìn (irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀), fáfù tó ń wo ìwúwo ẹrù nìyẹn. Bí ásù bá rọ̀ sílẹ̀, á rò pé ọkọ̀ ṣófo, á sì dín ọ́ìlì ẹ̀yìn kù. Abẹ́ ásù ni kẹ́ ẹ gbé ìdúró sí, kì í ṣe abẹ́ ṣáásì. Òmíràn ní nípù tirẹ̀. Ẹ má gbàgbé rẹ̀.

Ẹ fi rọ́bà tó mọ́ gaara bọ nípù lẹ́nu, kí ẹ ki ìkángun kejì bọ inú ìgò tó ní ọ́ìlì díẹ̀. Ẹni tó wà lókè á tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, á sì dì í mú. "Mo ti tẹ̀ ẹ́." Ẹni tó wà nísàlẹ̀ á tú nípù ní ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kan, ọ́ìlì àti ìfófòó á jáde, á tì í. "Fi sílẹ̀." Ìgbà yẹn nìkan ni ẹsẹ̀ lè kúrò. Bí ẹsẹ̀ bá ṣáájú ọwọ́, afẹ́fẹ́ tí ẹ lé jáde á tún wọlé. Lẹ́yìn ìgbà márùn-ún márùn-ún, ẹ wo agolo. Bí ó bá gbẹ, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọ́ìlì bá ń jáde ní mímọ́ láìsí ìfófòó, ẹ kọjá sí táyà tó kàn.

Bí pẹ́dà bá ṣì rọ̀, ẹ wo kálípà iwájú. Bí nípù rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀, ẹnì kan ti gbé ti ọ̀tún sí òsì. Òkè ni afẹ́fẹ́ máa ń gbà, kò lè gba ibẹ̀ jáde láéláé. Bí pẹ́dà bá le ṣùgbọ́n tó ń rọra rì bẹ́ ẹ ṣe dì í mú fún ìdajì ìṣẹ́jú, ọ́ìlì ń jò níbì kan, tàbí kí rọ́bà máásítà ti ṣiṣẹ́ tán.

Kí ẹ tó ti nípù pa, ẹ fi gíríìsì tí kì í jẹ́ kí irin gan pa tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kó má kan ṣóńṣó ẹnu rẹ̀. Ẹ fún un pẹ̀lú sípánà kúkúrú, bí 10 Nm (ìwọ̀n agbára yíyí), kò ju bẹ́ẹ̀. Ẹ wakọ̀ náà jẹ́jẹ́ níbi tí kò sí èrò, kí ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ẹ tó gbé e sójú títì. Lẹ́yìn náà, ẹ ra rọ́bà mẹ́rin tuntun, kí ẹ fi dé orí nípù kọ̀ọ̀kan bíi fìlà.