Bí mo ṣe wá àyè fún ẹ̀kọ́ ìlera nínú ìṣirò ibà Lásà

Nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá fún oyè kejì nínú ìmọ̀ ìṣirò ní Àkúrẹ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé dání: bí a bá ń la àwọn ará ìlú lọ́yẹ̀ lórí ibà Lásà, báwo ni ìlanilọ́yẹ̀ náà ṣe ń dín iye àwọn tí àrùn náà ń mú kù, mélòó ni ó sì ń dín kù? Ibà Lásà ni mo yàn nítorí pé kò jìnnà sí wa. Ìlú Lásà ní Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní ọdún 1969, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Òǹdó wà lára àwọn ibi tí ó ti ń jà jù lọ ní Nàìjíríà báyìí, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ sì wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀.

Àwòṣe, ìyẹn ìṣirò tí ó ń ṣàfihàn bí àrùn ṣe ń ràn, tí Kermack àti McKendrick gbé jáde ní ọdún 1927 ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pín àwọn ènìyàn sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn tí àrùn lè mú, àwọn tí ó wà lára wọn lọ́wọ́lọ́wọ́, àti àwọn tí wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tún pín àwọn tí àrùn lè mú sí méjì, àwọn tí wọ́n ti gbọ́ ẹ̀kọ́ ìlera àti àwọn tí wọn kò tíì gbọ́. Mo fi lẹ́tà g dúró fún bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yára dé etí ènìyàn, lẹ́tà i fún bí ìgbàgbé ṣe ń yára, àti lẹ́tà a fún agbára ẹ̀kọ́ náà láti dáàbò bo ẹni tí ó gbọ́ ọ. Bí ọjọ́ bá ti pẹ́ díẹ̀, ìdá àwọn tí ẹ̀kọ́ ṣì wà lọ́kàn wọn yóò dúró sí g tí a pín pẹ̀lú àpapọ̀ g àti i.

Àwọn kan kì í fi ìgbàgbé sínú irú ìṣirò yìí rárá. Lójú tiwọn, ẹni tí ó bá ti gbọ́ ti gbọ́ nìyẹn. N kò lè bá wọn gbà. Ta ni kò rántí báàkẹ́tì omi àti ọṣẹ tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lóríṣiríṣi ní ọdún 2020? Kí ẹ rin Ọjà Ọba já lónìí, kí ẹ ka iye tí ó kù.

Mo kọ ètò ìṣirò náà ní Python, èdè kọ̀ǹpútà kan, mo tẹ̀ ẹ́, inú mi sì dùn gidigidi, nítorí pé àrùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ọ̀gá mi tí ó ń bójú tó iṣẹ́ náà wo àwòrán tí mo tẹ̀ jáde, ó fi ìka lé ìlà àwọn tí wọ́n ti gbọ́ ẹ̀kọ́, ó ní, “Láàárín ọjọ́ 10 péré, ó kù díẹ̀ kí gbogbo ìlú gbọ́ tán. Rédíò wo nìyẹn?” Ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù méjì ni mo ní lọ́kàn pé ọ̀rọ̀ yóò máa dé etí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìdajì lóṣù, ṣùgbọ́n 0.5 náà ni mo kọ sílẹ̀, nígbà tí ọjọ́ ni ètò yòókù fi ń ka àkókò. Bí ó ṣe di ìdajì lójúmọ́ nìyẹn.

Bí mo ti ń tún èyí ṣe ni mo rí àṣìṣe tí ó tóbi jù ú lọ. Mo ti kọ Lásà bí ẹni pé ara ènìyàn sí ènìyàn nìkan ni ó ń gbà ràn. Lóòótọ́ ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nípasẹ̀ omi ara, pàápàá nílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ eku tí wọ́n ń pè ní Mastomys natalensis ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kó o, nípa oúnjẹ tàbí ohun èlò ilé tí eku náà ti tọ̀ sí tàbí yàgbẹ́ sí. Mo ní láti kọ ìdọ́gba tuntun fún eku pẹ̀lú.

Nígbà tí eku wọlé, ìdáhùn pín sí méjì. Mo gbà á bí àbá pé ẹ̀kọ́ ń pẹ́ tó ọjọ́ 180 lọ́kàn ènìyàn, àti pé lẹ́tà a, agbára ẹ̀kọ́ náà, jẹ́ 0.6, ìyẹn 60 nínú 100. Bí ọ̀rọ̀ bá ń dé etí ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ 360, ìdá kan nínú mẹ́ta ni yóò máa rántí, iye àwọn tí ń kó àrùn lọ́dọ̀ eku yóò sì fi 20 nínú 100 dín kù. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ 60 sí ọjọ́ 60, ó di 45 nínú 100. Ṣùgbọ́n àrùn tí ó wà láàárín àwọn eku fúnra wọn kò mira. Ènìyàn ìbáà bo oúnjẹ títí, R0 ti eku, ìyẹn iye eku tí eku aláàrùn kan lè kó àrùn ràn, yóò dúró sí ibi tí ó wà, àyàfi bí ẹ̀kọ́ náà bá mú kí a máa pa eku tàbí kí a lé wọn kúrò nílé. Bí R0 yẹn bá jẹ́ 1.5, ikú eku gbọ́dọ̀ fi ju ìdajì lé sí i kí àrùn tó lè máa kú lọ láàárín wọn. Èyí kò rọrùn níbi tí ilé kan ti ń dẹ pàkúté tí ilé kejì sì ń da ìdọ̀tí sẹ́yìn fèrèsé.

Mo rò pé iṣẹ́ ti parí, àfi ìgbà tí mo rí onílé mi tí ó ń da gàrí sínú àpò lójúde. Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ṣé ẹ ti gbọ́ nípa eku àti ibà Lásà?” Ó gbé àwo páànù lé ẹnu àpò náà, ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́, ó wá ní, “Ọmọ mi, mo ti gbọ́ tipẹ́. Ike onídèérí tí ó gba àpò kan, ṣé o mọ iye tí wọ́n ń tà á?” Àpò náà ní ihò méjì nísàlẹ̀.

Mo padà sí ìdí kọ̀ǹpútà, mo sì pín àwọn tí wọ́n ti gbọ́ sí méjì: àwọn tí agbára wọn ká ohun tí wọ́n gbọ́ àti àwọn tí agbára wọn kò ká a. Mo ní kí agbára ká ìdajì wọn. Ìlanilọ́yẹ̀ ọjọ́ 60 sí ọjọ́ 60, tí ó ń dín 45 kù nínú 100 tẹ́lẹ̀, wá sọ̀kalẹ̀ sí 22.5, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju 20 tí ìlanilọ́yẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ń mú wá bí agbára bá ká gbogbo ènìyàn. Orí kẹrin ni mo fi gbogbo èyí sí. Ọ̀gá mi ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé àbá ni ìdajì náà, pé n kò wọ̀n ọ́n níbì kankan. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.