Ọjọ́ Òkun àti Páàkì Omi ní Fortaleza: Fún Tọkọtaya Tó Gbé Báàgì Pọ̀n

Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ń wọ bọ́ọ̀sì tẹ̀ lé etíkun Brazil, láti Salvador dé Recife, láti Recife dé Natal, tí ẹ wá dé Fortaleza, ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ níbẹ̀ tí ẹ kò ní gbé báàgì, tí ẹ kò ní wọ bọ́ọ̀sì ìrìn-àjò, tí ẹ kò ní yẹ ilé ìtàn kankan wò. Ẹ fi àárọ̀ rẹ̀ sí etí òkun Porto das Dunas, kí ẹ fi ọ̀sán rẹ̀ sí Beach Park, páàkì omi tó wà létí òkun náà gan-an. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ẹ ṣe máa ṣe é tí owó yín kò fi ní ṣòfò, tí ẹ kò sì ní bá ara yín jà, torí tọkọtaya tó ti sun inú bọ́ọ̀sì mọ́jú lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ kékeré ti tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn.

Aránṣọ ni mí, Abẹ́òkúta ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Èmi àti Bàbá Tòmi kó àwọn ọmọ sọ́dọ̀ ìyá mi ká tó gbéra. Bó bá jẹ́ páṣípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ mú dání, ẹ gba físà Brazil kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Ẹ má ṣe é ní ìdàkejì.

Láti oṣù Kejì títí dé oṣù Karùn-ún ni òjò máa ń rọ̀ jù ní Fortaleza. Oṣù Kìn-ín-ní àti oṣù Keje sì ni ọlidé àwọn ọmọ ilé-ìwé wọn: èrò á pọ̀, owó yàrá á lọ sókè, ìlà á gùn nídìí gbogbo síláìdì, ìyẹn ibi gíga tí èèyàn ti ń yọ̀ wálẹ̀ sínú omi. Ní tèmi, oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹsàn-án ló dáa jù. Òjò ti lọ, àwọn ọmọ ti wọlé ìwé. Atẹ́gùn nìkan ló máa ń le nígbà yẹn, á máa da iyanrìn sójú èèyàn, kí ẹ sì mú gíláàsì ojú dání. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ bá yín níbẹ̀, torí ọjọ́ náà ni wọ́n ń ṣe ọdún Yemọja ní Fortaleza, létí òkun Praia de Iracema àti Praia do Futuro. Ọjọ́ 2 oṣù Kejì ni ti Salvador. Odò Ògùn tí a mọ̀ mọ́ Yemọja ló gba ìlú mi kọjá, mo sì fẹ́ kí gbogbo ọmọ Yorùbá tó bá lágbára rẹ̀ fojú ara rẹ̀ rí i bí àwọn èèyàn tí kò dé Ẹ̀gbá rí ṣe ń gbé òdòdó lọ fún un lẹ́bàá òkun.

Ẹ má wá yàrá sí Porto das Dunas. Ilé ìtura ńláńlá ló pọ̀ níbẹ̀, owó wọn kò bá àpò arìnrìn-àjò alábáàgì mu. Ẹ sùn ní àárín ìlú, ní Meireles tàbí Praia de Iracema, nínú ilé ìgbàlejò kékeré tí wọ́n ń pè ní pousada. Oúnjẹ àárọ̀ sábà máa ń wà nínú owó yàrá, wọ́n á sì bá yín tọ́jú báàgì ńlá.

Ní alẹ́ tó ṣáájú, ẹ rìn gba etí òkun Praia de Iracema, kí ẹ yà sí ibùdó àṣà tí wọ́n ń pè ní Dragão do Mar. Orúkọ ìnagijẹ ọkùnrin kan ni wọ́n fi sọ ibẹ̀. Francisco José do Nascimento lorúkọ rẹ̀, ará etíkun Ceará, ìpínlẹ̀ tí Fortaleza wà, ni, iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ló ń ṣe. Nígbà náà, wọ́n máa ń fi jangada, ọkọ̀ pẹlẹbẹ onígbòkun tí àwọn apẹja ń lò, kó àwọn ẹrú láti etí òkun lọ sínú ọkọ̀ ńlá tó máa gbé wọn lọ tà ní gúúsù Brazil. Ní ọdún 1881, àwọn awakọ̀ jangada kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ní gbé ẹrú kankan mọ́ ní èbúté yẹn. Ọkùnrin yìí wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1884 ni Ceará fòpin sí oko ẹrú, ọdún mẹ́rin gbáko kí òfin Brazil tó dé ní 1888. Àwa tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ sí Bahia, ìpínlẹ̀ tí Salvador wà, lọ́pọ̀ yanturu, kò yẹ ká jókòó sórí iyanrìn yẹn ká má mọ̀ ọ́n. Mo sọ fún Bàbá Tòmi pé ká dúró díẹ̀ níbẹ̀ ká tó lọ jẹun, a sì dúró.

Tí ẹ bá padà dé yàrá, ẹ jókòó ti ara yín. Ẹ sọ iye tí ẹ máa ná, ẹ sọ aago tí ẹ máa kúrò ní páàkì, kí olúkúlùkù sọ ohun tó ń ba òun lẹ́rù. Bí ẹnì kan bá ní òun ò gun síláìdì gíga, ọ̀rọ̀ ti bùṣe nìyẹn. Kí ẹnì kejì má tún fi ṣe yẹ̀yẹ́ bó bá di ọjọ́ kejì. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ náà, kí ẹ kọ́kọ́ wo kàlẹ́ńdà wọn dáadáa, torí kì í ṣe ojoojúmọ́ ni páàkì máa ń ṣí tí kì í bá ṣe àsìkò ọlidé. Owó ìwọlé kì í ṣe kékeré. Bí ẹ bá rí i pé ó máa fọwọ́ kan owó bọ́ọ̀sì yín, ẹ fi páàkì sílẹ̀, kí ẹ lo gbogbo ọjọ́ náà lẹ́bàá òkun. Ìyẹn náà dáa.

Ó wá kan aṣọ, ibi tó jẹ́ tèmi. Ẹ má wọ ankara wọ omi. Òwú ni, tó bá ti mu omi yó, á wúwo, á máa fa èèyàn sísàlẹ̀, kò sì ní gbẹ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Adìrẹ ni mo tún fẹ́ kìlọ̀ fún yín nípa rẹ̀ jù: kẹ́míkà klorín tí wọ́n ń dà sómi páàkì máa ń jẹ aró, aṣọ tí ìyá kan fi gbogbo òru fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ láró á ṣá lójú yín. Ẹ fi adìrẹ sílẹ̀ di alẹ́. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó ń nà, tó fún mọ́ra, lẹ nílò. Ìyàwó tí kò bá fẹ́ ṣíra sílẹ̀ lè wọ ẹ̀wù alápá gígùn àti ṣòkòtò tí wọ́n fi irú aṣọ yẹn rán, oòrùn ò sì ní rí i jẹ. Ẹ yẹra fún aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ onípín méjì (bikini) lọ́jọ́ páàkì, torí eré tí síláìdì ńlá ń sá lè bọ́ ọ kúrò lára. Ọkùnrin ní tirẹ̀, ṣòkòtò kékeré tó ní okùn nínú, kó so ó le. Kò gbọdọ̀ sí síìpù, bọ́tìnnì irin tàbí ìlẹ̀kẹ̀ lára aṣọ, torí irin máa ń ha síláìdì, wọ́n á dá yín padà láti òkè lẹ́yìn tí ẹ ti gun àtẹ̀gùn tán. Ẹ tú yẹtí, ẹ̀gbà ọrùn àti òrùka ìgbéyàwó sílẹ̀ sí yàrá.

Irun náà ńkọ́? Ẹ di í kí ẹ tó gbéra nílé, dídì kéékèèké, kí ẹ sì ká a jọ sẹ́yìn orí kó má fẹ́ sójú. Ẹ fi omi tó mọ́ rẹ ẹ́, kí ẹ fi òróró àgbọn pa á kí ẹ tó wọ omi páàkì. Irun tó ti mu omi gidi yó kì í fi bẹ́ẹ̀ mu omi klorín mọ́.

Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ jẹ tapioca yín, ìyẹn ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí wọ́n yan pẹlẹbẹ tí wọ́n fi wàràkàṣì sínú, kí ẹ sì kúrò nílé ní aago 8. Porto das Dunas tó kìlómítà 26 sí àárín ìlú. Mọ́tò tí wọ́n ń fi fóònù pè ló rọrùn jù, bí ẹ bá sì rí tọkọtaya mìíràn ní pousada tí wọ́n ń lọ, ẹ jọ dá owó rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó lè gbowó etí òkun lọ́wọ́ yín. Òfin Brazil nọ́mbà 7.661 ti ọdún 1988 ti sọ ọ́ pé ti gbogbo èèyàn ni etíkun. Àga, tábìlì àti agboòrùn ni wọ́n lè gbowó lé lórí. Kí ẹ tó jókòó sí ibikíbi, ẹ béèrè pé “Tem consumação mínima?” Ìbéèrè yìí ló máa jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá iye kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ jẹ tàbí mu kí wọ́n tó gbà yín láyè. Pix, ètò ìsanwó orí fóònù tí báńkì àpapọ̀ wọn gbé jáde lọ́dún 2020, ni gbogbo wọn ń lò, ṣùgbọ́n àkáǹtì Brazil ló ń fẹ́. Ẹ mú owó real kéékèèké dání fún alágbọn, kí ẹ lo káàdì fún ìyókù.

Òkun ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òkun àfiṣeré. Ó máa ń sún wá, ó sì máa ń fà padà gidigidi lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Àwọn ológun ojú omi Brazil máa ń tẹ àkókò rẹ̀ jáde, wọ́n ń pè é ní tábua de marés. Ẹ wò ó lórí fóònù lálẹ́. Tó bá ti fà, iyanrìn á le, á gbòòrò, ẹ lè rìn jìnnà lórí rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí omi kọjá orúnkún òun. Bí ìṣàn kan bá gbé èèyàn tó ń fà á lọ sójú agbami, kó má bá a jà láti padà tààrà. Kó lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, kó máa tẹ̀ lé etíkun lọ, torí ìṣàn náà kì í fẹ̀. Tó bá ti bọ́ nínú rẹ̀ ni kó tó kọjú sí ilẹ̀. Bí agbára bá tán, kó léfòó, kó na ọwọ́ sókè. Àwọn panápaná, bombeiros, ló ń ṣọ́ omi níbẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ta àsíá pupa sí, ẹ fi sílẹ̀.

Aago 11 ni páàkì ń ṣílẹ̀kùn, ó ń tì ní aago 5. Ẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà kó tó ṣí. Ẹ gba kọ́bọ́ọ̀dù alágàdágodo kan ṣoṣo fún ẹ̀yin méjèèjì, kí ẹ kó fóònù àti bàtà sí i. Bí ẹ bá máa gun Insano, síláìdì gíga wọn, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, kí ìlà tó gùn, kí oúnjẹ tó wọnú. Mítà 41 ni gíga rẹ̀, bí ilé alájà 14. Ìṣẹ́jú àáyá 5 péré ni ẹ máa fi débẹ̀ nísàlẹ̀, eré rẹ̀ sì lè tó kìlómítà 105 ní wákàtí. Ẹ dùbúlẹ̀ gbalaja, kí ẹ kó apá lé àyà, kí ẹ fi ẹsẹ̀ kan lé ìkejì, kí ẹ má gbórí sókè. Bàbá Tòmi ní, “Ìyá Tòmi, máa lọ, màá wà nísàlẹ̀, màá máa wò ọ́.” Mo dá a lóhùn pé, “Ẹ dúró síbi tí màá ti rí yín o.” Èmi nìkan ni mo gùn ún. Nígbà tí mo jáde nínú omi, òun ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, inú rẹ̀ dùn ju tèmi lọ. Ohun tí mò ń wí nìyẹn: kò pọn dandan kí ẹ jọ ṣe gbogbo nǹkan.

Láti aago 12 sí aago 2, ẹ wá ibòji. Fortaleza kò tó dígírì 4 sí ìlà agbedeméjì ayé, oòrùn ọ̀sán níbẹ̀ ń jó aláwọ̀ dúdú náà. Ẹ fi ìpara oòrùn pa ara kí ẹ tó wọlé, kí ẹ tún un pa lẹ́yìn wákàtí méjì-méjì, pàápàá èjìká, etí àti òkè ẹsẹ̀. Ẹ jẹun nígbà náà. Bí ẹ bá rí baião de dois, ẹ pè é: ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n jọ sè pọ̀, tí wọ́n da wàràkàṣì sí. Ẹ̀wà náà, irú tiwa ni, láti Áfíríkà ló ti dé ọ̀hún.

Ọ̀sán ni kí ẹ fi ṣe èyí tí ẹ lè jọ ṣe. Correnteza Encantada jẹ́ odò àtọwọ́dá tó ń rọra gbé èèyàn yípo lórí tíúbù. Ẹ di ọwọ́ ara yín mú, kí ẹ jẹ́ kó gbé yín lọ. Maremoto ni adágún tí ẹ̀rọ ń dá ìgbì sí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ kó dúró síbi tí kò jìn, kó má ṣe tẹ̀ lé èrò sí àárín.

Ẹ jáde ní aago 4 ààbọ̀. Tí páàkì bá tì, gbogbo èèyàn ló máa pe mọ́tò lẹ́ẹ̀kan náà, owó á gbéra. Oòrùn sì máa ń wọ̀ kí aago 6 tó lù. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣan aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ lójú ẹsẹ̀, torí klorín ń jẹ rọ́bà inú rẹ̀, iyọ̀ òkun sì ń sọ ọ́ di gbígan. Ẹ má fún un, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú aṣọ ìnura, kí ẹ sá a sí ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí.

Lálẹ́, ẹ gbé adìrẹ wọ̀, kí ẹ lọ sí Mercado dos Peixes ní Mucuripe, ọjà ẹja tó wà létí òkun. Ẹ yan edé tútù lọ́wọ́ ẹlẹ́ja, kó wọ̀n ọ́n ní kílò níwájú yín, kí ẹ gbé e fún àwọn tó ń dáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kí wọ́n fi áyù àti òróró dín in. Ẹ béèrè owó ìdáná kó tó wọ agbada. Ìlàjì kílò tó ẹni méjì. Bó bá jẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹ lè lọ sí Praia do Futuro dípò ibẹ̀, torí alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni gbogbo ìlú ń jẹ akàn: wọ́n á fún yín ní òòlù igi kékeré, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fọ́ ọ.