Bí ẹ ṣe máa ka "complexion" nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ láìṣìnà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, yálà torí ìdánwò ni o, tàbí torí pé ẹ kàn fẹ́ràn ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré fi "àwọ̀ ara" túmọ̀ gbogbo "complexion" tẹ́ ẹ bá bá pàdé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé Hamlet, eré orí ìtàgé tí Shakespeare kọ, wá bá mi lọ́jọ́ kan, ibi tí Hamlet ti ń sọ pé ooru yẹn ti pọ̀ jù "for my complexion", ó wá túmọ̀ ẹ̀ pé oòrùn ò ní jẹ́ kí àwọ̀ ẹ̀ dán mọ́. Rárá o. Ohun tí Hamlet ń sọ ni pé bí wọ́n ṣe dá ara òun, ooru yẹn ò bá a lára mu. Inú ara ló ń sọ, kì í ṣe ojú.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Látìnì ni, complexio, ọ̀rọ̀ tó bí i sì ni plectere, ìyẹn ká di nǹkan bí ẹni ń dirun, ká wá fi "papọ̀" síwájú ẹ̀. Kí ni wọ́n wá dì papọ̀? Galen, oníṣègùn Gíríìkì tí wọ́n bí ní Pergamon lọ́dún 129, kọ́ni pé omi mẹ́rin ló wà lára èèyàn: ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, òróòro yẹ́lò àti òróòro dúdú, àti pé bí gbígbóná, tútù, ọ̀rinrin àti gbígbẹ bá ṣe pò mọ́ra lára kálukú nìyẹn máa ṣe jẹ́, ìlera ẹ̀ ni o, ìwà ẹ̀ ni o. Ibn Sina, oníṣègùn tó kú ní 1037, pe àdàlù yìí ní mizāj lédè Lárúbáwá, ìgbà tí wọ́n wá tú ìwé ẹ̀ sí Látìnì ní Toledo nílẹ̀ Sípéènì, complexio ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀. Títí dòní, táwọn Lárúbáwá bá ní mizāj ẹnì kan ò dáa, bí inú ẹ̀ ṣe rí ni wọ́n ń sọ. Egbòogi gan-an ní complexion tiẹ̀ láyé ìgbà yẹn.

Torí náà tẹ́ ẹ bá ti rí ọ̀rọ̀ náà, ẹ wo àwọn tó jókòó tì í. Tó bá jẹ́ gbígbóná, tútù, tàbí sanguine (ẹni tí ẹ̀jẹ̀ borí lára ẹ̀), choleric (òróòro yẹ́lò), phlegmatic (kẹ̀lẹ̀bẹ̀), melancholic (òróòro dúdú), àdàlù inú ara nìyẹn. Chaucer, akéwì Gẹ̀ẹ́sì tó kú ní 1400, sọ nípa Franklin, onílẹ̀ olówó kan nínú The Canterbury Tales ẹ̀, pé irùngbọ̀n ẹ̀ funfun bí òdòdó daisy, "of his complexioun he was sangwyn", ìyẹn ni pé ẹ̀jẹ̀ ló borí lára ẹ̀, ìdí nìyẹn tójú ẹ̀ fi pọ́n, tó tún jẹ́ ọlọ́yàyà tó fẹ́ràn oúnjẹ. Ẹ̀ ń rí i, ojú àti ìwà ò tíì pínyà níbẹ̀.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, làwa máa ń sọ, bẹ́ẹ̀ náà làwọn oníṣègùn yẹn ṣe ń wojú èèyàn láti mọ omi tó borí nínú ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, àmì wá gba orúkọ mọ́ nǹkan tó ń tọ́ka sí lọ́wọ́, nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1500, wọ́n ti ń fi complexion pe àwọ̀ ojú fúnra ẹ̀.

Àmọ́ ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọdún nìkan o. Shakespeare kan náà tó kọ Hamlet ló fi "Mislike me not for my complexion" sẹ́nu ọmọọba Morocco nínú The Merchant of Venice, oòrùn ló sì dárúkọ tẹ̀ lé e, àwọ̀ nìyẹn kedere. Ohun témi máa ń ṣe ni pé kí n fi "àwọ̀" sínú sẹ́ńtẹ́ǹsì náà kí n kà á sókè, kí n tún fi "bí wọ́n ṣe dá a" síbẹ̀ kí n kà á. Èyí tó bá kọsẹ̀, mo yọ ọ́ kúrò.

Ìgbà míì méjèèjì ò ní kọsẹ̀. Ọmọọba Morocco yẹn wá fẹ́ Portia, àmọ́ ó ní láti yan àpótí tó tọ́ kó tó lè fẹ́ ẹ. Nígbà tó yan èyí tí kò tọ́ tó sì lọ, Portia ní "Let all of his complexion choose me so." Ṣé àwọ̀ ẹ̀ ló ń sọ ni àbí irú èèyàn tó jẹ́? Mi ò ní yan ọ̀kan níbẹ̀. Èmi máa kọ ọ́ pé: kí gbogbo ẹni tó bá rí bíi tiẹ̀ yàn mí báyẹn.