Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fowó jó lórí ẹ̀rọ SIMD, ẹ gbọ́ o

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde. SIMD ni ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ prósẹ́sọ̀ (ọpọlọ tó ń ṣírò) inú ẹ̀ jọ ń gbọ́ àṣẹ kan náà, tí ìkọ̀ọ̀kan sì ń fi ṣiṣẹ́ lórí dátà tiẹ̀.

1. Ẹ yé ka prósẹ́sọ̀ bí ẹni ń ka kọ̀ǹpútà. Connection Machine àkọ́kọ́, CM-1, ẹ̀rọ SIMD àtijọ́ kan, ní prósẹ́sọ̀ 65,536 lóòótọ́, àmọ́ bíìtì (0 tàbí 1) kan ṣoṣo ni ìkọ̀ọ̀kan ń ṣe lẹ́ẹ̀kan, tó bá fẹ́ ro nọ́ńbà bíìtì 32 méjì pọ̀, díẹ̀díẹ̀ ló máa rò ó títí á fi dé bíìtì kejìlélọ́gbọ̀n.

2. "If". Èyí gan-an ló ń bí mi nínú! Àṣẹ kan náà ni gbogbo wọn jọ ń gbọ́, kò sí èyí tó lè dá tiẹ̀ ṣe. Tẹ́ ẹ bá kọ "if" ("tó bá rí báyìí, ṣe èyí") sínú kóòdù, àwọn tí ọ̀rọ̀ ò kàn á jókòó, tó bá di "else" ("bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣe tọ̀hún"), àwọn yẹn á dìde, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ á wá jókòó, aago sì ń lọ ní gbogbo ìgbà yẹn. Ki "if" mẹ́ta bọnú ara wọn, kí ìkọ̀ọ̀kan pín wọn sí méjì ọgbọọgba, nínú 65,536 ti CM-1, 8,192 péré ló kù tó ń ṣiṣẹ́, 57,344 ń wòran! GPU òde òní, ẹ̀rọ àwòrán inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n tún ń fi ṣe ìṣirò ńlá, náà ò yàtọ̀ púpọ̀. Èmi náà ti fi dọ́là yá GPU rí, mo jókòó tì í mọ́jú, iṣẹ́ ń wọ́ bí ìgbín, àfìgbà tí mo to dátà kí àwọn tó máa gba ọ̀nà kan náà wà pa pọ̀ ló tó yá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọkùnrin kan gbé kóòdù wá, "if" méje nínú ara wọn, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n yá èyí tó tóbi jù ni?" Mo ní àbúrò, fowó ẹ sápò, jẹ́ ká kọ́kọ́ tú "if" yìí.

Ẹ má fi iye tí wọ́n gbèrò ṣe iye tí wọ́n kọ́ o: prósẹ́sọ̀ 256 ni wọ́n fẹ́ fi sí ILLIAC IV, ẹ̀rọ SIMD àtijọ́ mìíràn, 64 ló dé ibùdó ìwádìí NASA Ames lọ́dún 1972.

Ẹ tún má gbàgbé ìrìn dátà. Goodyear MPP, ẹ̀rọ SIMD tí ibùdó NASA Goddard gbà lọ́dún 1983, 128 lọ́nà 128 ni wọ́n to prósẹ́sọ̀ ẹ̀, àwọn mẹ́rin tó yí i ká nìkan ni ìkọ̀ọ̀kan ń bá sọ̀rọ̀. Ó dáa fún fọ́tò sátẹ́láìtì, àmọ́ dátà tó bá ń lọ ọ̀nà jíjìn á máa ti ilé dé ilé ni. Philip Emeagwali tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́ gba ẹ̀bùn Gordon Bell (ẹ̀bùn fún àwọn tó fi kọ̀ǹpútà ńlá ṣe ìṣirò tó ta yọ) ti 1989 lórí Connection Machine, ìṣirò epo abẹ́ ilẹ̀ ló fi gbà á, iṣẹ́ tí ibì kọ̀ọ̀kan ń bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò ẹ̀ ni. Tí tiyín ò bá jọ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ dán an wò lórí láptọ́ọ̀pù yín kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.