Bíréèkì Mazda Mi Tí Kò Mú, àti Ohun Tí Mo Bá Nídìí Ẹ̀

Ajá kan ló là mí lójú. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ láti Crystal Palace ní London nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ajá sáré bọ́ sójú títì, mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ ń lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá, ó ṣì wọ́ lọ díẹ̀ kó tó dúró, imú ẹ̀ sì ti yà sọ́wọ́ òsì. Ajá bojú wò mí, ó bá tiẹ̀ lọ. Èmi ò lè kúrò níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, orúnkún mi ń gbọ̀n.

Mazda MX-5 ni ọkọ̀ náà, ti ọdún 1991, ẹ́ńjìnnì 1.6. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún lókè eèpẹ̀, àmọ́ kò tó tọ́ọ̀nù kan. Ọkọ̀ tó fúyẹ́ tó báyìí, kí ló dé tí yóò máa ṣorí kunkun tí wọ́n bá ní kó dúró?

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé bíréèkì ẹ̀ ló kéré. Mazda fúnra wọn mú un tóbi sí i nígbà tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì 1.8 sínú ti ọdún 1994: díìsì iwájú (irin pẹlẹbẹ tó ń bá táyà yí, tí bíréèkì ń dì mú) kúrò ní mìlímítà 235 ní fífẹ̀, ó di 255. Bí èèyàn bá rí díìsì, kálípà (ọwọ́ irin tó ń fún páàdì méjì mọ́ díìsì kó lè dúró) àti irin tó gbé kálípà dúró lára 1.8, yóò wọlé sára 1.6 láìgé nǹkan kan. Mo ti ra gbogbo ẹ̀ ní àlòkù, pọ́n-ùn 120, kí n tó pe ẹ̀gbọ́n kan tó ti ṣe mẹkáníìkì fọ́dún gbọọrọ ní Lewisham.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ gbé bíréèkì ńlá sára ọkọ̀ yìí."

"Èyí tó wà níbẹ̀ ńkọ́? O ti tú u wò?"

"Rárá, sà."

"Ẹni tí ikọ́ há lọ́fun lo fẹ́ ra maikirofóònù fún yẹn. Lọ tú u."

Kí n tó gbé jáàkì, ó ní kí n yẹ búsítà wò, ìyẹn ohun tó ń fi agbára ẹ́ńjìnnì kún ti ẹsẹ̀ wa lórí bíréèkì. Mo pa ọkọ̀, mo tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀marùn-ún títí ó fi le, mo fi ẹsẹ̀ tì í bẹ́ẹ̀, mo wá ṣíná. Ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀ díẹ̀. Ó dáa nìyẹn, búsítà ń ṣiṣẹ́, mi ò sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún ni mo kọ́kọ́ tú. Kálípà ọkọ̀ yìí, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni písítínì ẹ̀ wà, níhà inú. Tó bá ti páàdì inú mọ́ díìsì, ara kálípà fúnra ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sún lórí píìnì méjì kó lè fa páàdì ìta náà wọlé. Píìnì ìsàlẹ̀ jáde wọ́ọ́rọ́. Tòkè kọ̀ jálẹ̀. Mo fọ́n ọ́ìlì sí i, mo lọ mu tíì, mo padà dé, ó wà bó ṣe wà. Mo fi búláyà di orí ẹ̀ mú, mo ń yí i sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀, ìpẹtà ń jáde bí ìyẹ̀fun ata, títí ó fi já gbọ́n-ún sí mi lọ́wọ́. Gíríìsì ara ẹ̀ ti gan bí ọ̀dà. Nígbà tí mo wo páàdì, ọ̀rọ̀ yé mi: ti inú ti jẹ tán, ó kù bíi mìlímítà méjì, ó ń dán bí àwo tánganran, ti ìta sì nípọn bí ẹni tí ò ṣiṣẹ́ rí. Ìdajì bíréèkì ni ọwọ́ ọ̀tún ń lò. Abájọ tí ọkọ̀ fi ń yà sósì.

Díìsì méjèèjì iwájú náà ti fẹ́lẹ́ ju iye tí wọ́n tẹ̀ sára wọn lọ, mo ra tuntun pẹ̀lú páàdì. Mo fọ ilé píìnì, mo fi gíríìsì sílíkóònì sí i, torí gíríìsì lásán á mú kí rọ́bà ẹ̀ wú.

Ẹ̀yìn ni mo ti ṣe àṣìṣe. Mo fẹ́ ti písítínì wọlé bí mo ṣe ṣe tiwájú, mo fi kílám̀pù dì í, mo ń fún un títí apá fi ń ro mí. Kò mira. Ẹ̀gbọ́n ló pè láti béèrè bí mo ṣe ń bá a bọ̀.

"O ò máa fipá tì í o?"

Mo dákẹ́.

"Há-ńbíréèkì ló wà nínú ìyẹn. Tú bóòtù mìlímítà mẹ́rìnlá tó wà lẹ́yìn ẹ̀."

Lóòótọ́, ihò kan wà lábẹ́ bóòtù náà tó ń gba kọ́kọ́rọ́ Allen mìlímítà mẹ́rin. Mo yí i sósì, písítínì sì ń wọlé fúnra ẹ̀ bí ìgbín. Tí páàdì tuntun bá ti wà níbẹ̀, ẹ yí i sọ́tùn-ún títí yóò fi di díìsì mú, kí ẹ sì dá a padà ní ìdá kan nínú mẹ́ta ìyípo kan. Kẹ́ ẹ má fi ti kílám̀pù ba kálípà yín jẹ́.

Họ́ọ̀sì rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti sán, mo pààrọ̀ wọn sí èyí tí wọ́n fi wáyà irin hun. Ọ́ìlì bíréèkì tó jáde dúdú bí omi àgbo. Ọ́ìlì yìí máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní DOT 4, tó bá jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 230°C, àmọ́ tó bá ti mu omi, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í hó ní 155°C. Tó bá hó, oru á kún inú páìpù bí afẹ́fẹ́, ẹsẹ̀ èèyàn á kàn máa wọlẹ̀ lásán ni.

Ìyàwó mi ló bá mi tẹ bíréèkì nígbà tá à ń lé afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ̀yìn òsì la ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló jìnnà jù sí másítà sílíńdà (ibi tí ọ́ìlì bíréèkì ti ń gbéra lọ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin) lára ọkọ̀ tí sítíárì ẹ̀ wà lọ́tùn-ún. "Tẹ̀ ẹ́!" "Mo ti tẹ̀ ẹ́." "Má gbẹ́sẹ̀ o!" A ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí mo fi gbàgbé láti máa bu ọ́ìlì kún un. Ó gbẹ, ó fa afẹ́fẹ́, a sì tún gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun tí obìnrin náà sọ, ẹ jẹ́ kí n fi síbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí ọkọ̀ tó pọ̀ lójú títì, mo gbé e jáde kí páàdì àti díìsì lè mọ ara wọn. Mo sá dé máìlì 50 ní wákàtí, mo rọra fà á wálẹ̀ sí bíi 10, mi ò jẹ́ kó dúró pátápátá, mo sì tún un ṣe nígbà mẹ́wàá. Oòórùn ń yọ bíi ti irin tó jóná. Lẹ́yìn náà mo tẹ bíréèkì gírí. Ọkọ̀ dúró, ó tọ́ gbọnrangandan, bẹ́líìtì gbá mi láyà.

Ẹrù 1.8 yẹn ṣì wà nínú páálí lábẹ́ àtẹ̀gùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó tà á. Mo mú kálípà ọ̀tún, mo fi búláyà di píìnì òkè mú, mo fẹ́ yí i. Kò mira.