Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Ọtí Tí Wọ́n Fi Ọṣẹ Fọ̀

Ọmọdé ló fọ akèrègbè yẹn, n kò sì lè bú u. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi títí di òní. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí ọkà bàbà ló gbẹ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, èyí tí màmá mi gbà lọ́wọ́ ìyá bàbá mi nígbà tí wọ́n fẹ́ wọn wá sí Kétu ní ilẹ̀ Benin níbí, tí wọ́n sì ń fi pọntí láti ìgbà náà. Ọmọ rí i bí ìdọ̀tí. Ó mú ọṣẹ àti kànrìnkàn, ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ló kù tí a ó ṣe ìrántí bàbá wa.

N kò ní máa sọ bí a ṣe ń rẹ ọkà, tí a ń jẹ́ kó hù, tí a ń sá a, tí a ń lọ̀ ọ́, tí a ń sè é. Ta ni kò mọ̀ ọ́n nílùú wa? Omi ọkà tutù tán, kò sí ohun tí n ó fi sí i kó lè hó. Mo sáré lọ sọ́jà. Obìnrin tó ń ta èlò búrẹ́dì na ìwúkàrà inú ọ̀rá sí mi, ó ní, “Ìwúkàrà ni ìwúkàrà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀.” Mo gbà á gbọ́. Ọtí náà hó, ó hó ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ń rùn bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì, òórùn bíi ti kànáfùrù sì wà lábẹ́ rẹ̀. Màmá fi ètè kàn án, wọ́n gbé igbá sílẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn dùn mí ju fránkì 28,000 tí mo ná sórí ọkà àti igi ìdáná lọ.

Àbúrò mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Abomey-Calavi ló là mí lóye lórí fóònù. Ó ní ìwúkàrà ló wà nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ohun ẹlẹ́mìí sì ni, ojú lásán ni kò lè rí i, àwa ènìyàn sì ti sìn ín bí a ṣe sin ewúrẹ́. Ẹni tó pọntí tó dùn á tọ́jú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ de ìgbà mìíràn, èyí tí kò dùn á dà á nù. Bí wọ́n ṣe ń yàn án bẹ́ẹ̀ láti ìran dé ìran, ìwúkàrà fúnra rẹ̀ yí padà. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n fi ń pọn bíà ní Yúróòpù kò lè mú òórùn kànáfùrù jáde mọ́, nítorí àbùdá, ìyẹn ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí, tó ń ṣe é ti bàjẹ́ lára wọn. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ní tirẹ̀, kí ìyẹ̀fun wú ló ń wá, kò wá kí òórùn yẹn kúrò. Ó tún sọ pé ní 2018, àwọn onímọ̀ ka àbùdá ìwúkàrà 1,011 láti oríṣiríṣi ilẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ṣáínà àti agbègbè rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ dà bí ẹni pé ó ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ti ọtí ọkà Áfíríkà ní agbo ilé tirẹ̀, ti ẹmu wa náà ní tirẹ̀. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ìran kan la fi ọṣẹ fọ̀ yẹn.

Màmá ló rántí pé àwọn ti bu díẹ̀ nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà rí fún ọ̀rẹ́ àwọn kan tó lọ́kọ sí Sábẹ̀ẹ́.

Mo dé Sábẹ̀ẹ́, mo kúnlẹ̀. Ìyá náà ní, “Ṣé ìyá rẹ ṣì ń pọntí?” Mo ní, “Wọ́n ń pọn ọ́n, mà, ohun tí wọ́n ó fi pọn ọ́n ni kò sí.” Wọn ò ní èyí tó gbẹ nílé, àfi kí n dúró de ọtí tó wà lórí iná. Ọjọ́ méjì ni mo fi dúró. Wọ́n bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tútù sínú ìgò fún mi, èmi fúnra mi ni mo dé e pinpin kó má baà dà. Awakọ̀ táksí gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ láìbi mí. Ooru mú un, ohun tó wà nínú rẹ̀ ń mí, kò sì rí ibi tí èémí yóò gbà jáde. Ìgò bẹ́ gbàmù lójú ọ̀nà! Awakọ̀ ń pariwo nítorí ọkọ̀ rẹ̀, èmi ń sunkún nítorí ẹrù mi. Mo ní kó dúró, mo ṣa àfọ́kù ìgò kúrò, mo fi ìborùn mi nu gbogbo rẹ̀, mo ká a sínú igbá, mo gbé e lé itan dé Kétu.

Mo bu omi ọkà díẹ̀ sínú abọ́, mo dúró títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Bó bá gbóná jù, pípa lẹ ó pa á. Mo ki ìborùn bọ̀ ọ́. Mi ò sùn. Ní òru, mo gbọ́ ṣíṣì, ṣíṣì, mo tan iná: ó ti hó dé etí abọ́! Mo pariwo jí gbogbo ilé. Ọtí tí mo fi í pọn, màmá mu igbá méjì, wọ́n ní kí n bu ẹ̀kẹta.

Ká ní mo mọ̀ ni, ilé mẹ́ta ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ì bá ti wà tipẹ́. Nísinsìnyí, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Àjàṣẹ́, ọ̀kan wà ní Sábẹ̀ẹ́. Tèmi gbẹ lábẹ́ ìbòòji, ó wà lórí àjà, mo so aṣọ pupa mọ́ ọn lọ́rùn kí ọmọdé má fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá ń pọntí ní Kétu, tí tiyín sì ti kú, ẹ gbé akèrègbè wá kí n bù fún yín. Ẹ má kàn dé e pa.