Ìrírí mi: bí a ṣe gba ìtọ́jú ọ́síjìn fún ajagunfẹ̀yìntì tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa

Iṣẹ́ tí mo parí rèé: mo bá àjọ aláàánú kan ní Amẹ́ríkà ṣètò ìtọ́jú ọ́síjìn fún ajagunfẹ̀yìntì kan tí bọ́ǹbù ẹ̀bá ọ̀nà mi ọpọlọ rẹ̀ jìgìjìgì ní Iraq, láti orí ìwé ẹ̀rí títí dé ìgbà tó jáde kẹ́yìn nínú chamber, ẹ̀rọ tí èèyàn ń wọ̀ kó lè mí ọ́síjìn lábẹ́ ìfúnpá. Àwọn ọmọ wa tó wọ iṣẹ́ ológun lọ́hùn-ún kò kéré, ìbéèrè tí àwọn ẹbí wọn sì máa ń bi mí kò ju ẹyọ kan lọ: níbo la ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìdí tó fi jẹ́ pé àjọ aláàánú ló ń sanwó. VA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àwọn ajagunfẹ̀yìntì, àti iléeṣẹ́ ológun jọ gbé ìlànà ìtọ́jú jáde lọ́dún 2021, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí dókítà má lo ọ́síjìn yìí fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa níwọ̀nba. FDA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń fọwọ́ sí oògùn àti ẹ̀rọ ìtọ́jú, náà kò tíì fọwọ́ sí i fún ọpọlọ. Òmùwẹ̀ tó yára jù gòkè látinú omi, ẹni tí èéfín jẹnẹrétọ̀ dá kú, àti egbò ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ tí kò jiná wà lára ohun tí wọ́n fọwọ́ sí i fún.

DD-214, ìwé ìfẹ̀yìntì ológun, ni mo kọ́kọ́ béèrè. Ẹ̀dà rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ fáìlì ti ń há. Èyí tí wọ́n kọ Member-1 sí kò sọ irú ọ̀nà tí ológun náà gbà kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àjọ á sì dá a padà. Member-4 ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Bí kò bá sí lọ́wọ́, fọ́ọ̀mù SF-180 ni wọ́n fi ń béèrè rẹ̀ níbi tí wọ́n ń kó ìwé àwọn ológun sí ní St. Louis. Fún àkọsílẹ̀ ìlera, fọ́ọ̀mù 10-5345a ni mo ní kó fi gba tirẹ̀ lọ́wọ́ VA. Ojú ewé tí dókítà ti kọ TBI (ọpọlọ tó fara pa) sílẹ̀, pẹ̀lú déètì, ni mò ń wá. Ẹ fa ewé yẹn yọ, kí ẹ fi ṣíwájú fáìlì. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò ní àjọ kò ní í ráyè tú òkìtì ìwé. Ìbúgbàù mìíràn kò wọ ìwé rárá, torí ológun tó bá ti lè dìde rìn ti padà sẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Lẹ́tà ẹni tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú àyẹ̀wò tuntun lọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ, ni a fi ń dí ihò yẹn.

Oògùn ni ọ́síjìn jẹ́ lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, nítorí náà dókítà gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Kó tó kọ ọ́, ẹ jẹ́ kó ya àwòrán àyà. Bí afẹ́fẹ́ bá ti há sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, yóò wú nígbà tí wọ́n bá ń dín ìfúnpá kù, ó sì lè pa èèyàn. Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò wá sórí tábìlì. Disulfiram, èyí tí wọ́n fi ń ran ẹni tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí lọ́wọ́, kò bá ọ́síjìn yìí rẹ́, ọ̀pọ̀ ajagunfẹ̀yìntì kì í sì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ lójú ìyàwó. Ẹ bi í níkọ̀kọ̀. Bleomycin tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ náà wà nínú ìkìlọ̀. Ẹni tó ń gún insulin, kí wọ́n wo ṣúgà rẹ̀ kó tó wọlé, torí ó lè já wálẹ̀ nínú ibẹ̀.

Ohun tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò ni ìwọ̀n àkọ́kọ́. Kó tó wọ chamber rárá, mo jẹ́ kó dáhùn NSI, ìbéèrè 22 nípa orí fífọ́, òòyì, ìgbàgbé àti oorun, tí a ń fún ní àmì láti 0 dé 4, àti PCL-5, ìbéèrè 20 nípa ìpayà ogun. Ìdí rẹ̀ ni àyẹ̀wò tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2015. Ológun 72 ni wọ́n pín sí mẹ́ta: àwọn kan gba ọ́síjìn gidi ní ìfúnpá 1.5 (ìlọ́po 1.5 ìfúnpá afẹ́fẹ́ tí à ń mí lójoojúmọ́), àwọn kan wọ chamber tó jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán ní 1.2, àwọn yòókù kò wọ chamber kankan. Ara ìpín méjì tó wọ chamber yá ju ti ẹ̀kẹta lọ, ṣùgbọ́n kò sí ìyàtọ̀ kan gbòógì láàárín wọn. Nínú òmíràn tó jáde lọ́dún 2018, ológun 71, àwọn tó gba ọ́síjìn ṣe dáadáa ní ọ̀sẹ̀ 13, àmọ́ nígbà tó fi máa di oṣù 6, ìyàtọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọn tó fara mọ́ ìtọ́jú náà ní afẹ́fẹ́ lásán ní 1.2 ti ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn alátakò ní ìsinmi àti àkíyèsí ló ń mú ara yá. Èyí tó wù kó jẹ́, ẹni tí kò wọn nǹkan níbẹ̀rẹ̀ kò ní ohun tó máa sọ níparí.

Nígbà tí mò ń yan ilé ìtọ́jú, mo yọ àwọn tó ń lo chamber tó jẹ́ àpò rọ́bà kúrò: ìfúnpá rẹ̀ kì í kọjá 1.3, afẹ́fẹ́ lásán ló sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Mo bi wọ́n bí UHMS, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọ́síjìn onífúnpá, bá ti yẹ̀ wọ́n wò, mo sì ní kí wọ́n fi okùn ọwọ́ tó ń gbé iná ara lọ sílẹ̀ hàn mí. Ọ́síjìn fúnra rẹ̀ kì í jó, ṣùgbọ́n ohun tó bá jó nínú rẹ̀ kò ṣeé pa. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ọmọ ọdún márùn-ún kan kú nínú chamber tó gbiná ní Michigan. Òwú pọ́ńbélé ni aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ wọlé. Fóònù, láítà, ìpara ètè, Vaseline, òrí, òróró irun, wíìgì, gbogbo rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ni wọ́n máa ń gbàgbé jù, torí pé ó ti di ara etí wọn, bẹ́ẹ̀ bátìrì sì wà nínú rẹ̀.

Ìfúnpá 1.5 dà bí ẹni tó wà ní mítà 5 nísàlẹ̀ omi òkun. Etí ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n. Mo kọ́ ọ pé kó máa gbé itọ́ mì, kó di imú, kó rọra fẹ́ afẹ́fẹ́ sẹ́yìn kí ìrora tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá dùn ún, kó kan ara gíláàsì; ẹni tó ń darí ẹ̀rọ yóò dáwọ́ dúró, á sì dín in kù díẹ̀. Ẹni tó bá fi agídí mú un lè fọ́ ìlù etí. Lọ́jọ́ tí kàtá bá wà, kó má lọ. Ìbẹ̀rù tún wà níbẹ̀: ihò gbọọrọ, ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì láti òde, afẹ́fẹ́ tó ń súfèé, lójú ẹni tó ti há sínú ọkọ̀ tó gbiná rí. A jẹ́ kó dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ ní ṣíṣí kó tó di ọjọ́ gidi. Bí ìyẹn kò bá ràn, chamber ńlá tí èèyàn ń jókòó sí, tí wọ́n ń dé fìlà ọ́síjìn síbẹ̀, wà.

Wákàtí kan ni wọ́n ń lò lórí ìfúnpá, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 8, ìgbà 40 lápapọ̀. Dọ́là 250 ni ilé ìtọ́jú náà ń gbà lẹ́ẹ̀kan, 10,000 nìyẹn, kò sì sí owó ọkọ̀ àti ilé oorun nínú rẹ̀. Owó ọ̀nà ló ń dá wọn dúró ju àìsàn lọ, nítorí náà mo kọ ọ́ sínú ìwé ìbéèrè láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé ìtọ́jú ni àjọ ń san owó fún, owó ìgbà 10 lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí ìwé ìbuwọ́lù.

Nígbà tó parí, ìlà oorun àti ìlà ìbínú ló já wálẹ̀ jù lórí NSI. Etí híhó kò yí padà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo kọ ọ́ fún àwọn tó dáwó, láìfi «ó ti sàn» kún un. Oògùn VA rẹ̀ ń bá a lọ títí dókítà tó kọ ọ́ yóò fi sọ̀rọ̀. Iwájú fáìlì ni mo kọ nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ 988 sí, tí ajagunfẹ̀yìntì ń pè kó tó tẹ 1 bí ọkàn rẹ̀ bá ń sọ fún un pé kó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ìbéèrè kan náà la óò tún bi í ní oṣù 3 àti oṣù 6. Mo gba nọ́ńbà ìyàwó rẹ̀ àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kún tirẹ̀, torí ajagunfẹ̀yìntì a máa kó kúrò nílé láìwí fún àjọ.